Edé Kan Ṣoṣo Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti edé kan lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, edé! Edé tí ẹ̀ ń rò yẹn náà, ìran èyí tí à ń fi sínú ìkọ́kọrẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, tí ẹ̀rín ṣì ń pa yín, ẹ rín in, mi ò ní í bínú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Sàdíà ni mí. Aránṣọ ni mí ní Ojowo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iwájú ilé wa sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé aṣọ ni mo máa ń gbé síbí: bùbá, káfítánì, aṣọ ọmọ iléèwé. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣàdédé dákẹ́. Àwọn kan ní mo ti lọ sókè òkun. Òkè òkun wo? Ilé ni mo wà, mi ò rékọjá ẹnu géètì. Ọkọ mi ló kú.

Bọ̀dá Láti ni mo máa ń pè é, torí ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ Abigi ni, lọ́hùn-ún létí omi, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Ọkùnrin yìí kì í mutí. Kì í wo bọ́ọ̀lù. Kì í bá obìnrin kiri. Edé ni ti ẹ̀! Ó ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì bá òun gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ di àpótí, ó sì gbé e sí pálọ̀ wa, níbi tó yẹ kí n gbé kọ́bọ́ọ̀dù mi sí. Ó da iyanrìn àti òkúta sí i nísàlẹ̀. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, ó sì tún fi bátìrì tì í lẹ́yìn nítorí àwọn tó ń mú iná lọ.

Omi tó wà nínú táǹkì yẹn kì í ṣe omi kànga o. Omi òkun ni. Tó bá ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Abigi, á gba etí òkun lọ, á rọ omi sí kẹ́ẹ̀gì, á gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ? Wọ́n ní ó ń fi ṣe nǹkan! Màmá Tósìn tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa, tó jẹ́ Aládùúrà, bi mí ní gbangba. Ó ní ní ìjọ tàwọn, àwọn náà máa ń bu omi òkun wálé tí àwọn bá lọ gbàdúrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi tọkọ mi ń kó bọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún àdúrà. Mo mú un wọlé, mo fi edé hàn án. Ó wò ó títí, ó wá béèrè ìgbà tí a máa sè é.

Àwọn edé náà rẹwà, kí n má parọ́. Wọn ò jọ èyí tí à ń rí lọ́jà. Pupa ni wọ́n, ìlà funfun kan gba ẹ̀yìn wọn láti orí dé ìrù, irùngbọ̀n wọn sì funfun, ó gùn ju ara wọn lọ. Àwọn apẹja tó mọ ọkọ mi ló máa ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ fún un tí wọ́n bá bá àwọ̀n wá.

Orogún mi ni mo máa ń pè wọ́n. Ẹ rò ó wò náà. Ọkùnrin á ti ibi iṣẹ́ dé, á sálámà sí mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó dáhùn tán, ó ti wà níwájú táǹkì, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bá edé sọ̀rọ̀. Màá ní kó kí ìyàwó ńlá dáadáa o, kí ìyàwó kékeré tó gbé oúnjẹ wá. Á rẹ́rìn-ín títí á fi wúkọ́. Mi ò fọwọ́ kan táǹkì yẹn rí. Ti ẹ̀ ni, mo fi sílẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ilé ẹlòmíì ló ti ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá ló ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, kí n má sunkún jù, Ọlọ́run tó fún wa ló gbà á. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mi ò sunkún rárá.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ èyí tó kàn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí ọkọ bá kú, ìyàwó á ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé ọkọ ló máa wà. Kò ní í lo lọ́fínńdà, kò ní í lé tìróò, kò ní í wọ góòlù tàbí aṣọ tó ń dán. Kò sì ní í jáde, àfi tí ọ̀rọ̀ bá di dandan. Mi ò ráhùn sí i o, ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi bí ilé ṣe máa dákẹ́ tó.

Títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún fọ́fọ́. Wọ́n ń sè, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ka Kùránì. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, àwọn tó ni àga tí a háyà wá kó àga wọn, àwọn èèyàn sì tẹ̀lé àga lọ.

Àwọn oníbàárà mi náà dáwọ́ dúró. Ta ló fẹ́ gbé aṣọ ìyàwó wá sílé opó? Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, wọ́n kàn ní àwọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọ opó lẹ́nu! Ó sàn ju kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ. Màmá Tósìn nìkan ló ń yọjú, òun náà tó bá ti ti oko tàbí ìsìn dé ni, á sì tètè lọ torí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti ilé ìdáná. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnìkan. Mo gbé ìkòkò kékeré kaná, nígbà tí màá fi wò ó, ọbẹ̀ ẹni méjì ni mo ti sè. Màá jẹ díẹ̀, màá bò ó. Láàárọ̀ màá gbé e kaná kó má bàa kan, nírọ̀lẹ́ màá tún gbé e kaná. Ọbẹ̀ kan á wà lọ́rùn mi títí tí màá fi kórìíra rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú Àǹtí Rísì wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, ní Abigi. Òun ló ń ra edé àti ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tó ń yan án, tó ń kó o lọ sọ́jà. Èmi àti ẹ̀ ò jà rí, ṣùgbọ́n a ò mọwọ́ ara wa. Ọlọ́run ò fún èmi àti ọkọ mi lọ́mọ, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń gbà nínú ẹbí tó bá rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í wá sọ́dọ̀ wa, èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àwọn àgbà ti wí i.

Lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, ó rìn yí ilé ká. Ó fọwọ́ kan fíríìjì. Ó fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró síwájú táǹkì edé, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó wò mí, ó ní tí mo bá ti ṣe opó tán, òun máa wá.

Ó yé mi. Ogún ni. Wọ́n á wá kó nǹkan ọmọ wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ojú pín ilé: ọkọ̀ á lọ, fíríìjì á lọ, irinṣẹ́ rẹ̀ á lọ. Kí ló máa ṣẹ́ kù fún mi tí ọwọ́ Bọ̀dá Láti kàn? Mo wá gbọ́ ẹ̀rọ táǹkì tó ń dún bùrù-bùrù ní pálọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa bá mi du edé. Orogún mi nìkan ló máa kù fún mi láyé yìí! Mo pinnu pé wọn ò ní í kú sọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn tán.

Àkọ́kọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo fún wọn ní búrẹ́dì. Ṣé èmi náà kì í jẹ búrẹ́dì ni? Omi ṣú, ó ń rùn, edé mélòó kan kú. Mo wá rántí pé ẹja lọkọ mi máa ń gé wẹ́wẹ́ fún wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́n omi tó bàjẹ́ náà dànù díẹ̀díẹ̀, mo fi ti inú kẹ́ẹ̀gì tó fi sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọyẹ́ dé. Ẹ mọ ọyẹ́, kì í fi omi sílẹ̀ lára nǹkan kan. Ètè mi ń là, omi táǹkì sì ń fà wálẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹran inú omi òkun ni edé, mo sì ní omi òkun nínú kẹ́ẹ̀gì. Bó bá ti fà díẹ̀, màá bu omi òkun kún un. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé mo ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn edé ń rẹ̀ sí i. Wọn ò sáré mọ́. Wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á dojú kọ ògiri. Ọ̀kan kú. Láìpẹ́, òmíràn tún kú. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, omi òkun inú kẹ́ẹ̀gì sì ti ń tán lọ, n ò sì lè jáde lọ sí Abigi.

Ọbẹ̀ ló là mí lójú, ẹ gbà mí gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ọbẹ̀ ata mi yẹn kaná, èyí tí mo ti gbé kaná láìmọye ìgbà. Mo tọ́ ọ wò. Ha! Iyọ̀ nìkan! Mo dúró, mo ń ronú. Mi ò kúkú fi iyọ̀ kún un láti ọjọ́ tí mo ti sè é. Báwo ló ṣe wá di báyìí? Mo wo ìkòkò, mo rí i pé ọbẹ̀ ti fà wálẹ̀, ìlà pupa ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ìkòkò. Omi ló lọ. Iyọ̀ ò bá a lọ.

Mo fi síbí sílẹ̀, mo sáré lọ sí pálọ̀. Iyọ̀ funfun ti gbẹ mọ́ etí gíláàsì yíká bí ètè ẹni tó lá gàrí. Ojoojúmọ́ ni mo ti ń nù ún kúrò, mo ń rò pé ekuru ọyẹ́ ni! Iyọ̀ ni mo ti ń kó lé àwọn edé yìí lórí látọjọ́ yìí. Tí ọbẹ̀ bá gbẹ, ta ló ń fi omi iyọ̀ là á? Omi lásán la fi ń là á. Mo já píọ̀ wọ́tà, mo ń fi ife kékeré dà á sínú táǹkì díẹ̀díẹ̀, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí kí n má tún ṣe àṣejù. Kò pẹ́, edé tó kù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Láti ìgbà yẹn, èmi àti ẹ̀ di ọ̀rẹ́. Tí mo bá kírun tán láàárọ̀, màá lọ kí i. Á jáde látinú òkúta, á wá sí ojú gíláàsì, á máa ju irùngbọ̀n. Màá ròyìn fún un. Ìròyìn wo ni opó tó wà nílé ní? Màá ní adìyẹ Màmá Tósìn ti pamọ. Màá ní mo lá àlá Bọ̀dá Láti, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń tú fíríìjì. Màmá Tósìn bá mi lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Mo rò pé á ní orí mi ti dà rú, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ lé gíláàsì, ó gbàdúrà fún edé, pé kí Olúwa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Èmi Mùsùlùmí ṣe àmín gidi.

Ó ku díẹ̀ kí opó mi parí nìyẹn, mo jí lọ́jọ́ kan, mo lọ kí orogún mi, kò jáde. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí i lórí iyanrìn. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, kò pupa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, irùngbọ̀n rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ń wò mí, kò mira.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tọ́kọ mi kú, mo sun ún níwájú táǹkì yẹn. Mo fi orí lélẹ̀, mo ké títí ohùn mi fi há. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Mo mọ̀ pé edé kọ́ ni mò ń sun. Mo ń bi Bọ̀dá Láti pé kí ló dé tó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún mi láìkọ́ mi ní ìkankan.

Mo fi síbí gbé e jáde. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé báyìí ni òkú edé ṣe ń rí. Mo gé aṣọ funfun kékeré lára èyí tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo dì í, mo sin ín sídìí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé. Mo wọlé, mo yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, mo yọ bátìrì. Ilé wá dákẹ́ pátápátá. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ.

Lọ́sàn-án, mo ní kí Màmá Tósìn wá bá mi gbọ́n omi náà dànù. Mi ò fẹ́ kí Àǹtí Rísì wá bá táǹkì tó kún fún omi láìsí edé nínú rẹ̀, kó máa bi mí léèrè. Màmá Tósìn gbé báàfù wá. Ó ń gbọ́n, mo ń gbọ́n. Omi ti dé ìdajì nígbà tó dáwọ́ dúró, tó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀.

"Sàdíà," ó ní, "kí ló ń mì nídìí òkúta yẹn?"

Mo wò ó. Irùngbọ̀n funfun méjì ni. Tín-ín-rín. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀.

Ta wá ni mo sin?  Ọ̀kan péré ló kù nínú táǹkì, mo sì ti sin ọ̀kan, ọ̀kan sì tún wà níbẹ̀! Màmá Tósìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù. Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo so bátìrì, kò dáhùn, mi ò sì mọ ibi tí mo ti so ó gbòdì. Edé ti wà láìsí afẹ́fẹ́ látàárọ̀.

Màmá Tósìn ló mú ife méjì. Ó ní ṣé mi ò rí bí wọ́n ṣe ń tu tíì gbígbóná fún ọmọdé ni? Ó bu omi inú báàfù, ó gbé ife kan sókè, ó ń dà á sínú èkejì nísàlẹ̀, ó ń hó, ó wá ń rọra dà á padà sínú táǹkì. Mo mú ife tèmi, èmi náà ń tu omi. Afẹ́fẹ́ ń wọ omi lọ́nà bẹ́ẹ̀. Obìnrin méjì, Mùsùlùmí kan, Aládùúrà kan, à ń tu tíì fún edé lọ́sàn-án gangan! Nígbà tí apá ro mí, ó ní kí n pe ẹni tó mọ̀ nípa edé, òun á máa tù ú lọ.

Ta ni mo mọ̀ tó mọ̀ nípa edé? Ẹnìkan ṣoṣo ni. Mo wo nọ́ńbà Àǹtí Rísì títí ojú fóònù fi ṣú. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó gbé e. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un ní wàràwàrà, mi ò tiẹ̀ kí i dáadáa. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Èdè Ìjẹ̀bú etí omi tí ọkọ mi máa ń sọ tí inú rẹ̀ bá dùn ló fi dá mi lóhùn pé kò kú:

"Éè kú, ìyàwó," ó ní. "Aṣọ rẹ̀ ló bọ́."

Ó ṣàlàyé pé bí edé ṣe ń dàgbà nìyẹn. Èèpo rẹ̀ á fún un, á bọ́ ọ sílẹ̀ lódindi, tẹsẹ̀ tirùngbọ̀n. Ó ní tí àwọn bá da edé sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn máa ń rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ṣọ, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, nǹkan kékeré ló lè pa á. Ìdí nìyẹn tó fi ń sá pamọ́.

Èmi aránṣọ! Mo rí aṣọ, mo pè é ní òkú. Aṣọ tí kò lójú rírán kankan, tó ní apá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tún wá fi aṣọ dì í, mo sin ín!

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe fún un báyìí. 

"Má fà á jáde," ó ní. "Má gbé òkúta kúrò lórí rẹ̀, kó má bàa wà níhòòhò. Tí ara rẹ̀ bá ti le, á jáde fúnra rẹ̀."

Mo di fóònù mú. Mo ń gbọ́ bí Màmá Tósìn ṣe ń tu omi lẹ́yìn mi. Àǹtí Rísì náà ò gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè jẹ́jẹ́, "Wo ti jẹun?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Mo ní rárá. Ó ní òun náà ò tíì jẹun. Ó wá sọ fún mi pé ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Láti máa ń pe òun, tí á máa ní kí òun wá wo edé rẹ̀, òun á sì ní òun ń bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa rí táǹkì yẹn ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo wá mọ ìdí tó fi dúró pẹ́ níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iná dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A da omi tó kù padà. Mi ò fọwọ́ kan òkúta. Edé ò jáde lọ́jọ́ náà, kò jáde lọ́jọ́ kejì. Mo ń kí i, mi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ká ẹní ìkírun, mo rí i lójú gíláàsì, ó pupa fòò, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ju irùngbọ̀n sí mi. Mo sọ fún un pé orogún burúkú ni.

Ọjọ́ tí opó mi parí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tí mo rán fún ara mi. Mo ti nu fíríìjì, mo ti kó irinṣẹ́ ọkọ mi sójú kan, mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n má bàa ní mo fi nǹkan pamọ́. Àǹtí Rísì dé nínú ọkọ̀ tó háyà. Mo jáde lọ kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí awakọ̀ ṣí búùtù, mo sì ń retí àpò tí wọ́n máa fi kó ẹrù.

Kẹ́ẹ̀gì omi òkun ló gbé jáde. Ó tún gbé ike kan tó fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Mo ṣí i wò. Edé kan wà nínú rẹ̀, pupa, pẹ̀lú ìlà funfun lẹ́yìn. Láti Abigi ló ti gbé e lé itan bọ̀, pẹ̀lú gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn!

Mo fi ẹrù hàn án, mo ní mo ti tò ó sílẹ̀ fún wọn. Ó wo ẹrù, ó wò mí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè pé ta ló ní òun ń bọ̀ wá kó ẹrù. Mo rán an létí ohun tó sọ lọ́jọ́ kẹjọ.

"Mo ní màá wá," ó ní. "Mo fẹ́ wá wo edé àbúrò mi ni. Àwọn àgbà ẹbí á jókòó ti ogún tó bá yá, ẹnikẹ́ni ò sì ní í lé ẹ níbí."

Òun ló da edé tuntun sínú táǹkì, lẹ́yìn tó ti bu omi táǹkì wa sínú ike náà díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì gẹ́lẹ́ bí Bọ̀dá Láti ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní láti wọ ilé ìdáná lọ.

Ó sùn lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Mo se ọbẹ̀. Bí ìṣe mi, ti ẹni méjì ni mo sè. Ó sì tán.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Àkọ́kọ́, omi lásán ni kí ẹ fi dí ohun tó bá gbẹ nínú táǹkì edé, ẹ má ṣe bíi tèmi! Èkejì, ẹni tó bá dákẹ́, tó sá pamọ́, ẹ má tètè pè é ní òkú, ẹ má sì fà á jáde tipátipá. Ara rẹ̀ ló rọ̀. Ẹ kàn máa kí i lójoojúmọ́, kó mọ̀ pé èèyàn wà níta. Tí ẹ bá sì ní àna tí ẹ̀ ń sá fún, ẹ pè é. Ó lè jẹ́ pé òun náà ò tíì jẹun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni èèyàn yín fi sílẹ̀ tí ẹ̀ ń tọ́jú láìmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Ajá ni, oko ni, àbí mọ́tò tí kì í ṣiṣẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á ní ìkọ̀ọ̀kan. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sì wà ní ṣíṣí. Àwọn orogún mi méjèèjì ní kí n kí yín.